Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Gé Bébà Kó Tó Gé Aṣọ Oníbàárà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ìtìjú wà nínú rẹ̀, ìtìjú náà sì jẹ́ tèmi. Ẹ fara balẹ̀, kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní ìlú wa, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ àti àwọn oníṣòwò. Oṣooṣù la ń dá owó; ẹni tó bá fẹ́ yá owó a yá, nígbà tí ọdún bá sì parí, a ó pín èrè. Ìwé ńlá la fi ń ṣe àkọsílẹ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí èrò ń pọ̀ sí i, tí ojú èmi akọ̀wé kò sì ríran bí ti àtijọ́ mọ́, ìgbìmọ̀ pinnu pé kí a wá àwọn ọmọ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ ètò tí yóò máa ṣírò owó olúkúlùkù. Ohun tí mò ń pè ní ètò yìí ni àwọn àṣẹ tí ènìyàn ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ náà yóò máa tẹ̀ lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló wà nínú fóònù tí ẹ fi ń fi owó ránṣẹ́. Òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ní báńkì.

A rí ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n sì mọṣẹ́. A fún wọn ní oṣù mẹ́ta. Wọ́n bi wá pé kí ni a fẹ́ gan-an, mo sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ sáà bẹ̀rẹ̀ ná. Bí ẹ bá ṣe ń bá a lọ la ó máa sọ fún yín." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ yọ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Inú bí mi. Mo dìde ní ìpàdé, mo ní, "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà! Ẹ jẹ́ kí á fi ènìyàn mẹ́rin kún wọn." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún mi. A fi mẹ́rin kún mẹ́ta, wọ́n di méje, owó tí a ń san sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ńṣe ni iṣẹ́ náà dúró gbọin. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ pa iṣẹ́ tì, wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ti ṣe fún àwọn mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun tí ẹnì kan bá kọ ní àárọ̀, ẹlòmíràn a tú u ká ní ọ̀sán, nítorí kò mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin kọjá, oṣù karùn-ún kọjá, ètò kò dé.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni pé a ti gbé ìwé ńlá wa sínú àpótí. A ti kó ìdajì àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìdajì kù síta, kò sì sí ẹni tó lè so méjèèjì pọ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ, tó ti ń dá owó lọ́dọ̀ wa fún ọdún mọ́kànlá láìyẹ̀, wá yá owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, èmi akọ̀wé kò lè sọ iye tó ní lọ́dọ̀ wa fún un. Wọ́n lé ọmọ náà wá sílé. Ìyá náà kò bú mi. Ó kàn wò mí lójú, ó ní, "Bàbá Akọ̀wé, ṣé owó mi ṣì wà?" Ẹ̀yin òǹkàwé, èébú ìbá sàn fún mi ju ìbéèrè yẹn lọ.

Ọmọ mi obìnrin kan ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Nígbà tí ó wá sílé fún ìsinmi, mo rojọ́ fún un, mo ń bú àwọn ọmọ méje náà pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ó gbọ́ mi tán, kò wí nǹkan kan. Ó wọ yàrá, ó mú páálí àti àlùmọ́gàjí, ó jókòó, ó ń gé káàdì. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á ta káàdì." Mo wò ó títí. Èmi ń sunkún gbèsè, ọmọ ń pè mí sí eré!

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Eré tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Ẹ jẹ́ kí á ta á lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó ṣàlàyé pé ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn mẹ́ta kan, Alex Baker, Emily Oh Navarro àti André van der Hoek, ṣe eré káàdì kan tí wọ́n pè ní Problems and Programmers, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 2003. Ènìyàn méjì ló ń ta á, olúkúlùkù sì jẹ́ ọ̀gá tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Káàdì kan a sọ irú iṣẹ́ tí ó jẹ́: bí ó ti gùn tó, bí ó ti le tó, iye owó tó wà fún un, àti bí oníbàárà yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò tó lọ́jọ́ ìkẹyìn. Àwọn káàdì kan jẹ́ òṣìṣẹ́: ẹnì kan mọṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹnì kejì kò gbówó púpọ̀ ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Káàdì ìwé wà, èyí tí ó dúró fún bíbéèrè ohun tí oníbàárà fẹ́ àti yíya àwòrán iṣẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Káàdì iṣẹ́ gan-an wà pẹ̀lú: o lè ṣe é pẹ̀lú sùúrù, o sì lè sáré ṣe é, èyí tí o bá sáré ṣe a tètè parí, ṣùgbọ́n àṣìṣe a máa sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù ni káàdì wàhálà. Ọwọ́ alátakò rẹ ni wọ́n ń wà, ibi tí o bá sì ti kù díẹ̀ káàtó ni yóò sọ ọ́ lù.

Ọmọ mi kò ra eré náà. Ó fi ohun tó mọ̀ nípa òfin rẹ̀ ṣe tiwa lórí páálí, ó dín in kù, ó sì fi òfin kan kún un láti ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ nípa òfin yẹn láìpẹ́.

Mo ní nínú ara mi pé, èmi tí mo ti ń ta ayò kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ yìí, kí ni yóò ṣe fún mi? Mo fo káàdì ìwé. Mo gba òṣìṣẹ́ tí kò wọ́n, mo ní kí wọ́n máa sáré. Nígbà tí a ta á dé ìgbà karùn-ún, iṣẹ́ ti kún iwájú mi, ṣùgbọ́n ìwé àti àwòrán nìkan ló wà níwájú ọmọ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ ṣì ń kọ lẹ́tà, èmi ti ń kọ́ òrùlé."

Ó sọ káàdì wàhálà kan sílẹ̀. Ó kà á fún mi pé: oníbàárà ní ohun tí ẹ ń ṣe kọ́ ni òun fẹ́, nítorí pé kò sí ìwé tó fi hàn, káàdì iṣẹ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ó kó mẹ́ta nínú iṣẹ́ mi lọ. Ara mi gbóná. Mo ní, "Kò burú. Mo gba òṣìṣẹ́ méjì sí i." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, òfin tí mo fi kún un ló kàn báyìí. Ẹni tuntun kò lè ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn àtijọ́ ni yóò kọ́ ọ, àwọn méjèèjì kò sì ní ṣe nǹkan kan títí a ó fi ta á yí ká." Mo ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Méjì dúró ń kọ́ni, méjì tuntun dúró ń kẹ́kọ̀ọ́, méjì péré ló kù lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ń san owó àwọn mẹ́fà. Ní ìkẹyìn, a ṣí àwọn káàdì mi kí oníbàárà yẹ̀ wọ́n wò. Àṣìṣe ló kún abẹ́ wọn. Ọmọ mi parí tirẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì gba eré.

N kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ṣe sí ẹgbẹ́ wa ni mo tún ṣe lórí tábìlì yẹn, ọ̀kan kò yẹ̀. Kò sí ẹni tó dá mi lẹ́bi. Ọwọ́ mi ni mo fi sọ àwọn káàdì náà sílẹ̀.

Ọmọ mi mú bíró, ó fi àmì mẹ́ta sórí bébà, ó ní, "Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìbánisọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà láàrin wọn." Ó fa ìlà mẹ́ta. Ó tún fi àmì méje sílẹ̀, ó ń fa ìlà láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ ti mọ ìdáhùn: ìlà mọ́kànlélógún! Ènìyàn kò tó ìlọ́po mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá ara wọn sọ di ìlọ́po méje.

Ó ní òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Frederick Brooks, ẹni tó ṣe olórí àwọn tó kọ ètò OS/360 fún ilé-iṣẹ́ IBM ní àwọn ọdún 1960, ti fi irú ìyà yìí jẹ ara rẹ̀ rí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé tó pè ní The Mythical Man-Month ní 1975. Òfin tó fi sílẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà bá ti pẹ́ ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, tí a bá tún kó ènìyàn kún un, yóò tún pẹ́ sí i ni. Ó fi aboyún ṣe àpẹẹrẹ: iye obìnrin yòówù kí a kó jọ, oyún kò ní tipa bẹ́ẹ̀ yára kúrò ní oṣù mẹ́sàn-án. Ní 2022 ni Brooks kú. Láti 1975 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀, tí èmi sì ń gba pàtẹ́wọ́ ní ìpàdé!

Mo bi ọmọ mi pé, "Bí ó bá wà nínú ìwé, kí ló dé tí àwọn ọmọ méje náà kò mọ̀ ọ́n?" Ó ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n, Bàbá. Wọ́n ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i kí ó ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí àgbàlagbà bíi tiyín bá sì sọ pé kí á kó ènìyàn wá, ẹni tí kò tíì fojú rí i kò ní ìgboyà láti sọ pé rárá."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mo gbé wá fún yín lónìí. Ní oṣù kẹwàá 1968, àwọn ọ̀mọ̀wé pàdé ní Garmisch ní ilẹ̀ Jámánì lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ NATO, nítorí pé ètò kọ̀ǹpútà ń pẹ́, ó ń jẹ owó, ó sì ń kún fún àṣìṣe. Orúkọ tí wọ́n fi pe ìpàdé náà ni software engineering, èyí ni pé kí a máa kọ ètò pẹ̀lú ìlànà bí ẹnjiníà ti ń kọ́ afárá. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ yìí ti di ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ní ohun tó ń gba ogún ènìyàn àti ọdún méjì, nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ kan kò ju oṣù mélòó kan lọ? Olùkọ́ a pín wọn sí márùn-ún-márùn-ún, a fún wọn ní iṣẹ́ kékeré. Kò sí ẹni tó ń gba owó oṣù, kò sí ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, oníbàárà kò sì yí ọkàn padà, nítorí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni oníbàárà. Ọmọ gba oyè jáde, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ bíi tiwa, owó ìyá aláṣọ ló sì fi kọ́ èyí tó kù.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ronú sí eré àfarawé. Ní Yunifásítì Stuttgart ní Jámánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Jochen Ludewig àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní SESAM. Akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó bí ọ̀gá, a tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà a sì fi ọ̀rọ̀ dá a lóhùn ní ipò àwọn òṣìṣẹ́. Ní Irvine, lẹ́yìn eré káàdì yẹn, Navarro àti van der Hoek gbé SimSE jáde; orí rẹ̀ ni Navarro kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé ní 2006. Nínú SimSE, ọ́fíìsì kan a hàn lójú kọ̀ǹpútà, àwọn òṣìṣẹ́ a jókòó nídìí tábìlì wọn, ọ̀rọ̀ a sì máa jáde lẹ́nu wọn. O lè gbà wọ́n síṣẹ́, o lè lé wọn, o lè sọ ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe, owó àti ọjọ́ a sì máa dínkù bí o ti ń wò ó. Ní ìparí, kọ̀ǹpútà a fún ọ ní máàkì, ibì kan sì wà níbẹ̀ tó ń ya bí iṣẹ́ náà ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó sì ń fi òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn ọ́. Ohun tó yẹ kó gba ọdún kan a parí láàrin wákàtí díẹ̀, gbèsè kankan kò sì sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò bínú. Wọn yóò ní, "Ṣé eré ni wọ́n ń fi owó tí a rí lórí àtẹ kọ́ ọmọ wa?" Ẹ má kánjú. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó sún mọ́ yín. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ kì í gé aṣọ oníbàárà. Bébà àpò sìmẹ́ǹtì ni ọ̀gá rẹ̀ ń fún un. Yóò gé ọrùn, yóò gé apá. Bí ó bá gé e wọ́, wọn a jù ú sí ààtàn, wọn a mú òmíràn. Ta ló rí i tó sọ pé ọmọ náà ń fi bébà ṣeré? Àwọn awakọ̀ òfuurufú pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Edwin Link, ọmọ ẹni tó ń ṣe dùùrù ní Binghamton ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi irú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó wà nínú dùùrù ṣe ọkọ̀ òfuurufú àfarawé kan ní 1929. Orí ilẹ̀ ló ń wà, ṣùgbọ́n ó ń yí, ó sì ń mì bí ẹni pé ó wà lókè. Ẹni tó bá ṣìṣe nínú rẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, a tún gùn ún.

Síbẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má rò pé eré nìkan tó. Ẹni tó ṣe eré náà ló fi òfin sínú rẹ̀. Bí òfin rẹ̀ bá ṣì, ohun tó ṣì ni ọmọ yóò kọ́. Ọmọ gbọ́n púpọ̀ pẹ̀lú. Ó lè kọ́ bí a ti ń jẹ nínú eré láìkọ́ iṣẹ́. Oníbàárà inú káàdì kì í sunkún, kì í sì í bi yín bóyá owó òun ṣì wà. Àwọn ará Irvine fúnra wọn sọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ ẹnu àti iṣẹ́ gidi ni kí a so eré náà mọ́, kí a má fi rọ́pò wọn. Èmi náà rí i lórí tábìlì mi. Bí ọmọ mi bá kàn gba eré tó sì kó káàdì rẹ̀ lọ, ìbínú nìkan ni ǹ bá fi sùn. Bébà tó mú, ìlà mọ́kànlélógún tó fà, òun ló sọ àdánù mi di ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn eré, kí olùkọ́ jókòó ti ọmọ, kí ó bi í pé, "Níbo ni o ti kọ́kọ́ ṣìnà?"

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ètò fún ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ọmọ tí ẹ gbé iṣẹ́ fún bá ń bi yín ní ìbéèrè púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe lé e bí mo ti ṣe. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì kó ìwé àtijọ́ yín sínú àpótí títí ẹ ó fi rí i pé tuntun ń ṣiṣẹ́.

Ní ìpàdé tó kọjá, mo gbé páálí káàdì náà lọ. Mo ní kí alága àti akápò ta á lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn méjèèjì fo káàdì ìwé, àwọn méjèèjì sì sáré. Gbogbo ilé fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo dìde, mo ní, "Ohun tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín yìí ni èmi ṣe sí owó yín." Ilé pa rọ́rọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ méje tí mo bú, mo sì yíjú sí ìyá aláṣọ, mo tọrọ tirẹ̀ pẹ̀lú.

A ti gbé ìwé ńlá jáde kúrò nínú àpótí. A ti ka owó ìyá náà, ó pé, ó ti yá èyí tó fẹ́, ọmọ rẹ̀ sì ti padà sí ilé-ìwé. Àwọn ọmọ mẹ́ta àkọ́kọ́ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bi wá ní ìbéèrè, mo sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Owó oṣooṣù nìkan ni ètò náà yóò kọ́kọ́ máa ṣírò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ń bọ̀ lẹ́yìn. Iṣẹ́ kò tíì parí o, ṣùgbọ́n ìyá aláṣọ ti ń bi mí ní ìbéèrè tuntun: "Bàbá Akọ̀wé, ìgbà wo ni a tún máa ta káàdì yẹn?"

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.